Adé Mẹ́rìndínlógún lórí Àwòrán-Ilẹ̀: Àríwá Èkìtì àti Eré Kọ̀ǹpútà

Ní ayé àtijọ́, ẹnu àwọn àgbà, oríkì àti àròbá ni ọmọdé fi ń mọ ibi tí ìlú rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà ni ìwé dé. Lóde òní, eré orí kọ̀ǹpútà ti di olùkọ́ ìtàn kẹta. Ó tọ́, nígbà náà, kí àwọn onímọ̀ yẹ ohun tí olùkọ́ tuntun yìí ń kọ́ni wò, pàápàá nípa àwọn ìlú tí kò tóbi lójú ayé, irú Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti àwọn aládùúgbò wọn ní àríwá Èkìtì.

Àpẹẹrẹ kan ni Europa Universalis IV, tí ilé-iṣẹ́ Paradox ti ilẹ̀ Swídìn gbé jáde ní ọdún 2013. Láti 1444 títí dé 1821 ni àkókò inú rẹ̀. Ẹni tí ń ṣe eré náà yóò yan orílẹ̀-èdè kan, yóò máa bójú tó owó, ogun àti àdéhùn rẹ̀. Bí ó bá sì gbọ́n, ó lè yí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ padà pátápátá. Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀. Ìbíní wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Èkìtì bá wá Ẹlẹ́kọ̀lé, Ọlọ́yẹ́ tàbí Olójúdó láàrin àwọn tí ènìyàn lè yàn, kò ní rí wọn. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó bá ní olúwa kò lè ní ju ẹyọ kan lọ, àwọ̀ olúwa náà ni wọ́n sì fi ń kùn ún.

Samuel Johnson kò kọ ìtàn tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀yọ́ ni ọkàn rẹ̀ fà sí jù. Síbẹ̀, nínú ìwé tí ó parí ní 1897, èyí tí ó sọnù, tí Obadiah àbúrò rẹ̀ sì tún tò títí ó fi jáde ní 1921, ọba Èkìtì 16 ni ó kà. Ó fi Òòrè ti Ọ̀tùn, Ajerò ti Ìjerò, Ewì ti Adó àti Ẹlẹ́kọ̀lé ti Ìkọ̀lé ṣe aṣíwájú. Nínú àwọn ìyókù ni Olójúdó ti Ìdó wà, àti Ọlọ́yẹ́, Onírè, Onítàjí àti Àtá ti Ayédé. Inú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́ kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́rin tí a dárúkọ gbẹ̀yìn wọ̀nyí wà lónìí. Adé mẹ́rin ni ibi tí àwọ̀ kan ń bò mọ́lẹ̀.

Ẹni tí ó bá fi ojú eré wo èyí yóò sọ pé àìlágbára ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ olókìtì ni Èkìtì. Òkè àti igbó kò jẹ́ kí ó rọrùn fún ọba kan láti jẹ gàba lórí èkejì. Síbẹ̀, ẹnì kan gbìyànjú. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun Tápà àti ti Ìlọrin ti tú ọ̀pọ̀ ìlú ká, Èṣùbíyì, jagunjagun ará Ìyé, kó àwọn tí ogun lé kúrò nílé jọ, ó tẹ Ayédé dó, ó sì jẹ oyè Àtá. Ọ̀nà rẹ̀ gan-an ni eré kọ̀ǹpútà máa ń san ẹ̀san fún: kó ènìyàn jọ, gba ilẹ̀, fẹ ààlà. Ṣùgbọ́n Ayédé kò di olórí Èkìtì.

Ọ̀nà mìíràn ni ó borí. Ìbàdàn ti mú ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì sìn, àwọn ajẹ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń ni ará ìlú lára. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Mẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di ogun. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà parapọ̀, Ògèdèǹgbé ti Iléṣà di olórí ogun wọn, àwọn ọmọ wọn tí ó wà ní Èkó sì fi ìbọn tí à ń ki láti ẹ̀yìn ránṣẹ́. Ìró ohun ìjà ni a fi sọ ogun náà ní Kírìjì. Ààrẹ Látòósà kú sí ibùdó ogun ní 1885. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà tí ó jẹ́ kí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà máa dá ìlú wọn ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kò sí ọba Èkìtì kan tí ó di ọ̀gá ìyókù. Olúkúlùkù padà sí abẹ́ adé rẹ̀. Lójú eré, òfo ni èyí. Lójú ìtàn, òun gan-an ni ìṣẹ́gun.

Ti ìsìn tún burú jù bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí eré náà fún ìsìn Ọ̀yọ́ àti Ìbíní ni Fetishist, ọ̀rọ̀ tí ó ti ọwọ́ àwọn oníṣòwò Potogí wá, tí wọ́n fi ń pe ohun tí kò yé wọn ní etí òkun Áfíríkà. Ìrè, níbi tí ìtàn sọ pé Ògún ti wọlẹ̀, wà ní agbègbè Ọ̀yẹ́ yìí. Orúkọ ẹ̀gàn kan kò lè gba òfin, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìtàn tí ó so mọ́ Ògún Onírè.

Síbẹ̀, eré náà kò ṣe é kọ̀ sílẹ̀. Victoria 3, tí ilé-iṣẹ́ kan náà gbé jáde ní 2022, bẹ̀rẹ̀ ní 1836, ó sì parí ní 1936. Gbogbo ọdún Èkìtìparapọ̀ wà nínú rẹ̀. Irú eré bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ọmọ láti béèrè pé: bí ìbọn Èkó kò bá dé ńkọ́? Bí Ìlọrin, tí ó ti kó Èkìtì lẹ́rú rí, kò bá bá Ìbàdàn jà ní Ọ̀fà ńkọ́? Ẹni tí ó béèrè bẹ́ẹ̀ ti ń wá ìdí ọ̀rọ̀, ìdí ọ̀rọ̀ sì ni iṣẹ́ òpìtàn.

Iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀, nítorí àwọn tí ó ṣe eré wọ̀nyí fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti tún inú wọn kọ. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní 2011 ní ọgbà ní Ìkọ̀lé pẹ̀lú. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti ìmọ̀ ìtàn lè pàdé níbẹ̀. Ìwé tí S. A. Akíntóyè kọ ní 1971 lórí ogun àti òṣèlú ilẹ̀ Yorùbá ní àkókò yìí lè ṣe ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn àgbà ni a óò ti gbọ́ ààlà, ọjọ́ ọjà àti ìtẹ̀léra àwọn ọba, kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tó lọ tán. Nígbà náà ni ọmọ Ìkọ̀lé tí ó bá ṣí eré náà yóò rí Ẹlẹ́kọ̀lé, tí kò gba ilẹ̀ Ọlọ́yẹ́, ṣùgbọ́n tí ó bá a jókòó nínú ìpàdé tí àwọn ọba Èkìtì ń pè ní Pẹ̀lúpẹ̀lú.