Jíìnì Aago àti Àsìkò Ìyéyin Àwọn Ẹyẹ Ìgbẹ́: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Ìwádìí Kan

Ìfáàrà

Ohun tí bébà yìí dá lé lórí ni ìtàn bí àwọn onímọ̀ ṣe wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan: kí ni ó ń sọ fún ẹyẹ pé àsìkò tó láti yé ẹyin tàbí láti ṣí lọ? Àwọn kan gbà pé ìtàn náà parí nígbà tí a rí jíìnì, ìyẹn èròjà àjogúnbá, tí ń darí aago inú ara. Èrò tiwa ni pé ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ kò gbe irú ìparí bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Láti orí ìmọ́lẹ̀ dé orí aago

Ní 1924, William Rowan ti Yunifásítì Alberta ní Kánádà kó àwọn ẹyẹ tí a ń pè ní junco sínú àhámọ́ ní ìta gbangba, ó sì ń fi iná mànàmáná sọ ọ̀sán wọn di gígùn díẹ̀díẹ̀. Bí òtútù ti mú tó, ẹ̀yà ìbímọ wọn tóbi gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí ní ìgbà ìrúwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò wọn ọ̀sán gbọ́dọ̀ ní òṣùwọ̀n. Erwin Bünning, ará Jámánì, dábàá ní 1936, láti inú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ewéko, pé aago ojoojúmọ́ inú ara ni òṣùwọ̀n náà.

Ìbéèrè mìíràn tún dìde. Àwọn ẹyẹ Yúróòpù kan ń lo ìgbà òtútù ní Áfíríkà, ní tòsí agbedeméjì ayé, níbi tí ọ̀sán àti òru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba jálẹ̀ ọdún. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ìgbà tí wọn yóò padà? Ní 1967, Eberhard Gwinner fi hàn pé willow warbler tí a fún ní wákàtí 12 ìmọ́lẹ̀ àti wákàtí 12 òkùnkùn láìyẹ̀ ṣì ń pààrọ̀ ìyẹ́, ara rẹ̀ kì í sì í balẹ̀ nígbà tí àsìkò ìrìn àjò bá tó.

Jíìnì aago

Ní 1971, Ronald Konopka àti Seymour Benzer fi hàn pé àyípadà ní ojú kan ṣoṣo nínú àjogúnbá eṣinṣin èso lè mú aago rẹ̀ yára, kí ó lọ́ra, tàbí kí ó dàrú. Lára àwọn ẹyẹ, jíìnì tí a ń pè ní Clock ni a yẹ̀ wò jù. Ó ní apá kan tí ó jẹ́ àtúnwí, iye àtúnwí náà sì yàtọ̀ láti ara ẹyẹ kan sí èkejì. Ní 2007, Arild Johnsen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àtúnwí yìí ń pọ̀ sí i lára blue tit bí a ti ń lọ sí àríwá Yúróòpù. Wọn kò rí irú rẹ̀ lára bluethroat. Ní igbó Wytham, lẹ́bàá Oxford, Miriam Liedvogel àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2009 pé abo blue tit tí àtúnwí rẹ̀ kéré máa ń tètè pamọ. Ní 2010, nínú igbó kan náà, a kò rí irú ìbátan bẹ́ẹ̀ lára great tit.

Ìkádìí

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti yàrá ìwádìí. Bí ìgbà ìrúwé ti ń móoru sí i, àwọn kòkòrò ajewé tí great tit fi ń bọ́ ọmọ ń tètè jáde. Ẹyẹ tí ó bá pẹ́ yé ẹyin, ebi ni yóò pa ọmọ rẹ̀. Láàárín 1961 sí 2007, àwọn great tit Wytham fi nǹkan bí ọjọ́ 14 fa ìyéyin wọn síwájú. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àyípadà yìí wá láti inú bí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ṣe ń tún àsìkò rẹ̀ ṣe ní ìbámu pẹ̀lú ooru ọdún. Nítorí náà, gígùn ọ̀sán ń pààlà sí àsìkò, aago inú ara ń wọn ọ̀sán, ooru ọdún sì ń tún un ṣe. Kò yẹ kí òpìtàn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fi jíìnì pa àwọn yòókù lẹ́nu mọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.