Nígbà tí olówó ní kí Ẹyẹ Búlúù Cardiff di pupa

Ìtàn bọ́ọ̀lù la gbé wá lónìí, àmọ́ kì í ṣe ti góòlù. Ìtàn aṣọ ni, àti ti àmì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àyà aṣọ. Àwọn kan á ní kí ló wà nínú aṣọ tí èèyàn fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìlú Cardiff ná, ní ilẹ̀ Wales tí àwa tí a ka ìwé Faransé mọ̀ sí Pays de Galles. Ẹ ó rí bí ọ̀rọ̀ aṣọ ṣe da ìlú kan rú fún ọdún méjì àti oṣù méje.

Ọdún 1899 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Riverside ni orúkọ rẹ̀ nígbà yẹn, aṣọ wọn sì jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ ìyeyè. Ní 1908, orúkọ yí padà sí Cardiff City, aṣọ sì di búlúù. Ní 1911, wọ́n wá ṣe eré orí ìtàgé kan ní ìlú náà tó ń jẹ́ L'Oiseau bleu. Maurice Maeterlinck, ọmọ Belgium, ló kọ ọ́ ní èdè Faransé, ọdún yẹn gan-an ló sì gba ẹ̀bùn Nobel. Ibẹ̀ ni wọ́n sọ pé ìnagijẹ ẹgbẹ́ náà ti wá: aṣọ búlúù lára àwọn ọmọ wọn, ẹyẹ búlúù lórí ìtàgé, ni wọ́n bá ń pè wọ́n ní Ẹyẹ Búlúù. Ẹ ò rí i pé inú ìwé tí a fi èdè ilé-ìwé tiwa kọ ni oríkì wọn ti jáde! Nígbà tó yá, ẹyẹ náà bọ́ sórí àmì ẹgbẹ́.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin 1927, wọ́n fi aṣọ búlúù yìí na Arsenal ní 1 sí 0 ní Wembley, wọ́n sì gba ife FA. Títí di òní, Cardiff nìkan ni ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba ife náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú pọ́n wọn. Wọ́n já kúrò ní ìpele tó ga jù lọ ní 1962, wọn ò sì padà síbẹ̀ fún ọdún 51. Ṣùgbọ́n bí ife ò bá sí, tí owó ò sí, búlúù wà. Òun ni bàbá fi ń sin ọmọ lọ sí pápá, òun ni ọmọ náà sì tún fi ń sin ọmọ tirẹ̀.

Nígbà tó di 2010, olówó kan láti Malaysia, Vincent Tan, da owó rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí gbèsè ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ní oṣù karùn-ún 2012, àṣírí kan tú: wọ́n fẹ́ sọ aṣọ di pupa. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláṣẹ fi ní àwọn ti jáwọ́. Àṣé wọn ò jáwọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà, wọ́n kéde pé pupa ni. Dírágónì pupa ńlá gba gbogbo àmì ẹgbẹ́, wọ́n sì ti ẹyẹ búlúù sí ìsàlẹ̀, ó kéré bí ọmọ tí wọ́n ní kó lọ jókòó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àlàyé Tan ni pé pupa jẹ́ àwọ̀ oríire ní Éṣíà, dírágónì pupa sì wà lórí àsíá Wales fúnra rẹ̀. Ó tún ṣèlérí owó fún gbèsè, fún pápá ìdánrawò àti fún pápá ìṣeré tó máa fẹ̀ sí i.

Àwa tí a mọ ẹyẹ àgbè àti aró ìyẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó tètè yé wa. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ní kí àgbè lọ ṣan aró dànù, kó wá fi osùn kun ara, kí wọ́n tó fún un ní oúnjẹ.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ìlú ló fi ohùn kan kọ̀ ọ́. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ní bí pupa bá lè san gbèsè, kí wọ́n jẹ́ kí ó lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ní ṣebí àwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀, kí ló wá sọ búlúù di òrìṣà? Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Òótọ́ ni pé àṣà náà ní ọjọ́ ìbí. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ẹgbẹ́ náà ní 1908, kò tíì ní ìtàn kan tí a lè bọ́ kúrò lára rẹ̀. Ní 2012, ọdún 104 ló ti fi wọ búlúù, pẹ̀lú 1927 nínú rẹ̀.

Ibi tí ìtàn náà ti le nìyí: wọ́n ṣe àṣeyọrí nínú pupa. Ní 2013 wọ́n gba ipò kìíní, wọ́n sì gòkè sí ìpele tó ga jù. Ohun tí wọ́n ń wá fún ọdún 51 dé, àwọ̀ tí wọn ò fẹ́ ló sì gbé e wá. Ìbá jẹ́ pé nítorí ìjákulẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bínú, ìbínú ì bá tán níbẹ̀. Kò tán. Wọ́n ń wọ aṣọ búlúù àtijọ́ wá sí pápá, wọ́n ń kọrin pé búlúù làwọn, nígbà tí àwọn ọmọ wọn ń fi pupa gbá bọ́ọ̀lù níwájú wọn. Ní oṣù kẹta 2014, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ rìn lọ sí pápá ìṣeré. Ní ìparí sáà yẹn, ẹgbẹ́ náà já wálẹ̀ ní ipò ìkẹyìn. Àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì dín kù, àga òfìfo ń pọ̀ sí i.

Ní oṣù kìíní 2015, Tan gbà. Ó ní ìyá òun, tó jẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà, ti máa ń kọ́ òun nípa ìṣọ̀kan àti ìdùnnú. Ọjọ́ kejì ìkéde náà gan-an, ọjọ́ 10, nígbà tí Fulham wá bá wọn, aṣọ búlúù ni wọ́n wọ̀ jáde. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ẹyẹ búlúù tún gba ipò rẹ̀ lórí àmì ẹgbẹ́, dírágónì sì di kékeré.

Kì í ṣe gbogbo ìjà bẹ́ẹ̀ ló ń parí síre. Ní Salzburg, ní ilẹ̀ Autriche, ẹgbẹ́ Austria Salzburg ti wà láti 1933. Aṣọ wọn jẹ́ elésè àlùkò àti funfun, wọ́n gba ife orílẹ̀-èdè ní 1994, 1995 àti 1997. Ní 2005, ilé-iṣẹ́ Red Bull rà á, ó yí orúkọ àti àwọ̀ padà. Àwọn olólùfẹ́ bẹ̀ pé kí wọ́n fi àwọ̀ àtijọ́ sílẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní wọ́n lè fi sí ìbọ̀sẹ̀ aṣọ́lé. Ìbọ̀sẹ̀! Wọ́n bá kó ẹrù wọn, wọ́n tún ẹgbẹ́ tiwọn dá sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti àwọ̀ àtijọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìpele keje. Ní 2015 wọ́n gòkè dé ìpele kejì, ṣùgbọ́n owó ò tó, wọ́n tún já wálẹ̀. Ẹgbẹ́ Red Bull ń gba ife ní tirẹ̀. Ta ló borí? Olówó ló ni ife. Àwọ̀ elésè àlùkò ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Àwa ará Bénin náà mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1975, wọ́n sọ Dahomey di Bénin, wọ́n sì gbé àsíá aláwọ̀ ewé tó ní ìràwọ̀ pupa wá. Ní 1990, lẹ́yìn Conférence nationale, àsíá àtijọ́ padà, orúkọ tuntun sì dúró. A gba ọ̀kan, a kọ ìkejì. Nítorí náà, kì í ṣe pé aráyé kórìíra àyípadà. Ní 2022, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wa kúrò ní Écureuils, ó di Guépards. Bẹ́ẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ yẹn náà ló gbé wa lé Morocco lọ ní CAN 2019, tí a fi dé ìpele àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn.

Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó ra ẹgbẹ́ ra pápá, ó ra àdéhùn àwọn agbábọ́ọ̀lù, ó sì ra gbèsè. Ìrántí kò sí nínú ohun tí wọ́n tà fún un. Bí ó bá fẹ́ fọwọ́ kan ìyẹn, àfi kó bi àwọn tó tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Ẹ̀yin ńkọ́? Nínú ilé yín, ọ̀kẹ́rẹ́ ni ẹ ṣì ń pè wọ́n ni, àbí Guépards ti wọ̀ yín lẹ́nu? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu yín. Ire o.