Oko Ìdógò Kì Í Ṣe Oko Títà

Lónìí, ọ̀rọ̀ oko tí a fi dógò ni a fẹ́ sọ. Ẹjọ́ rẹ̀ pọ̀ nílé baálẹ̀, ó sì pọ̀ nílé ẹjọ́ ìjọba. Ó ti sọ ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ di ọ̀tá. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá.

Láyé àtijọ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Pọ̀bẹ́ àti ní agbègbè Àjàṣẹ́, ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ti ẹbí ni. Baba ńlá tí ó kọ́kọ́ ṣán igbó ni ó fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Kò sí ìwé ilẹ̀ nígbà náà. Pèrègún tí wọ́n gbìn sí ààlà ni ìwé wọn. Ẹnu àgbà ni ẹ̀rí wọn.

Bí ìnáwó òjijì bá dé, bóyá àìsàn tàbí ìsìnkú, ẹni tí kò lówó kì í sáré ta ilẹ̀ baba rẹ̀. Ó lè fi oko ọ̀pẹ dógò. Yóò mú ẹlẹ́rìí lẹ́yìn, yóò lọ bá ẹni tí ó lówó, yóò sì gba owó. Ẹni tí ó yá a lówó ni yóò máa kọ ẹyìn oko náà. Ẹyìn yẹn ni èlé owó rẹ̀. Ó jọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ san èlé, ṣùgbọ́n gbèsè ṣì wà nílẹ̀. Ọjọ́ tí onílẹ̀ bá dá iye owó tí ó gbà padà, ọjọ́ náà ni oko yóò padà sọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn baba wa ní òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní, ìdógò kì í pẹ́ títí kí ó di títà. Bí baba bá kú, ọmọ lè san gbèsè kí ó gba oko. Èkejì, ẹni tí oko wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbin igi tuntun tí ń pẹ́ sínú rẹ̀. Ẹni tí ó gbin igi lónìí lè sọ lọ́la pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ẹ̀kẹta, kò gbọdọ̀ tà á fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí àwọn Faransé gba ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ní ọdún 1899 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba owó orí ní Dahomey. Fráǹkì ni wọ́n ń fẹ́. Ní ọdún 1923, àwọn ará Àjàṣẹ́ kọ̀ nítorí owó orí tí ìjọba fi kún, ìjọba sì kó ṣọ́jà bá wọn. Láti ọdún 1929, òwò gbogbo ayé dẹnu kọlẹ̀. Owó epo àti owó èkùrọ́ já wálẹ̀, ṣùgbọ́n agbowó-orí kò yé wá. Kí ni àgbẹ̀ yóò ṣe? Ọ̀pọ̀ fi ọ̀pẹ wọn dógò.

Ìwé náà ti dé nígbà yẹn. Ní ọjọ́ 24, oṣù keje, ọdún 1906, ìjọba Faransé ṣe òfin pé ènìyàn lè kọ orúkọ ilẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé ìjọba. Ìwé tí onílẹ̀ yóò gbà ni wọ́n ń pè ní titre foncier. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ òfin náà. Ọ́fíìsì jìnnà sí oko, owó rẹ̀ sì pọ̀. Ara abúlé díẹ̀ ni ó lọ.

Ṣùgbọ́n ìwé gba ọ̀nà mìíràn wọ abúlé. Ẹni tí ó ń yáni lówó bẹ̀rẹ̀ sí pe akọ̀wé. Akọ̀wé yóò kọ ọ̀rọ̀ ní Faransé, onílẹ̀ yóò sì tẹ àtàǹpàkò sí i. Ibí ni ewu wà, nítorí ọ̀rọ̀ méjì. Gage ni ìdógò. Vente ni títà. Bí ìwé bá sọ pé vente, tí onílẹ̀ rò pé gage ni, àtàǹpàkò rẹ̀ ti ta oko tí ẹnu rẹ̀ kò tà.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ká sọ pé baba kan fi oko ọ̀pẹ gba 5.000 fráǹkì ní ọdún 1960. Baba kú. Ẹni tí ó yá a lówó kú. Àwọn ẹlẹ́rìí náà kú. Ní ọdún 1995, ọmọ onílẹ̀ kó owó lọ.

Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé o. Mo mú owó tí bàbá yín yá bàbá wa wá.”

Èyí ẹ̀gbọ́n dáhùn pé: “Àbúrò, oko wo? Bàbá mi ra oko yìí ni. Àti pé 5.000 ti ọjọ́ yẹn, ṣé òun náà ni 5.000 tòní?”

Ọ̀rọ̀ owó yìí kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ní oṣù kìíní, ọdún 1994, wọ́n dín agbára fráǹkì CFA kù. Tẹ́lẹ̀, 50 CFA ni a fi ń gba fráǹkì Faransé 1. Lẹ́yìn náà, ó di 100. Ọjà wọ́n, ilẹ̀ náà sì ń wọ́n sí i. Ẹni tí oko wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò fẹ́ fi í sílẹ̀ nítorí owó kékeré. Ẹni tí ó ni ín kò fẹ́ pàdánù ogún baba rẹ̀. Bí kò bá sí ìwé, tí ẹlẹ́rìí sì ti kú, kí ni adájọ́ yóò dì mú?

Ìjọba wa ti ṣe òfin mìíràn láti ìgbà náà. Ní Benin, òfin ọdún 2007 sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ oko. Òfin ilẹ̀ ti ọjọ́ 14, oṣù kẹjọ, ọdún 2013 tẹ̀ lé e, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2017. Ní Togo, òfin ilẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Ṣùgbọ́n òfin kò lè mọ ohun tí bàbá rẹ sọ lábẹ́ igi bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, bí oko yín bá wà ní ìdógò, ẹ wá àgbà tí ó mọ̀ ọ́n, kí ó tó lọ. Ẹ kọ orúkọ onílẹ̀, orúkọ ayánilówó, iye owó, ọjọ́, ààlà àti orúkọ ẹlẹ́rìí sílẹ̀. Kí tọ̀tún tòsì fọwọ́ sí i, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà kan. Ẹ bi wọ́n ní máírì ohun tí ó kù láti ṣe. Ẹ má ṣe tẹ àtàǹpàkò sí ìwé tí ẹ kò lè kà. Bí Faransé ni, ẹ wá ọmọ yín tàbí ẹni tí ẹ fọkàn tán, kí ó kà á síta, kí ó sì fi èdè wa sọ ọ́. Ẹ wo inú rẹ̀ fúnra yín: ṣé gage ni, tàbí vente?

Àwọn baba wa kò mọ̀wé, wọ́n fi pèrègún ṣe ẹ̀rí. Àwa tí a ti ń kà, tí a sì ti ń kọ, ẹ jẹ́ kí a fi gègé ṣe tiwa.