ILÉ TÍ Ó TÚN DI IBI IṢẸ́

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe àgbẹ̀ ni. Ní ayé àtijọ́, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni í jáde nílé kí ó tó ṣiṣẹ́. Obìnrin tí ń hun kíjìpá, ilé rẹ̀ ni í ti í hun ún. Aláró Abẹ́òkúta a to ìkòkò aró rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ni àwọn ọmọ ń wò wọ́n, tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ pọ̀.

Ní ọdún 1861 ni Èkó bọ́ sí ọwọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọ́fíìsì pọ̀ sí i ní Marina, akọ̀wé sì di ẹni tí aago ń lé jáde nílé. Ìlú ń gbòòrò. Ìjọba Lateef Jakande, tí ó ṣàkóso láti 1979 sí 1983, dá ọ̀nà Lẹ́kìí sí Ẹ̀pẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Victoria Garden City dìde létí ọ̀nà náà, nítòsí Ajah. Báyìí ni ilé jìnnà sí iṣẹ́.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń gbé. Ìdájí ni í jáde lọ sí Marina. Kí ó tó dé, ọmọ rẹ̀ ti sùn. Mo wà lọ́dọ̀ wọn ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé dé nítorí àrùn kòrónà. Títí di ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún, orí tábìlì ìjẹun ni bàbá yìí ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Ó bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó sì ń jẹun lásìkò. Ṣùgbọ́n èrè kan ju ìwọ̀nyí lọ. Ọmọ ọdún márùn-ún náà, tí kì í sọ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Nísinsìnyí tí mo ń kọ́ nípa èdè ni ó yé mi: ta ni ìbá kí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tí kò rí bàbá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rí?

Síbẹ̀, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Láyé àtijọ́, oníṣẹ́ ọwọ́ ni í ṣiṣẹ́ nílé. Lónìí, akọ̀wé ni. Ìyá tí í ti Ajah wá fọ aṣọ fún wa kò lè fi kọ̀ǹpútà fọ̀ ọ́. Òfin dá a dúró sílé, owó rẹ̀ náà sì dúró. Bí ilé yóò bá tún di ibi iṣẹ́, kí àwa tí a ń jèrè rẹ̀ má ṣe gbàgbé ẹni tí ilé tiwa jẹ́ ibi iṣẹ́ fún.