Igi Tí A Kò Gbọdọ̀ Ṣẹ́ Ẹ̀ka Rẹ̀: Obìnrin àti Ìṣẹ̀dá nínú Àlọ́ Íńdíà

Ó ti mọ́ àwọn olùwádìí kan lára láti máa pe obìnrin àti ìṣẹ̀dá ní ọmọ ìyá kan náà nígbàkigbà tí wọ́n bá ń ka àlọ́ Íńdíà. Irú èrò yìí lágbára púpọ̀ nínú ìwé Vandana Shiva, Staying Alive (1988), níbi tó ti fi prakriti, agbára abo tí ìmọ̀ Híńdù gbà pé ayé ti ń hù, ṣe ìpìlẹ̀ ìjà àwọn obìnrin abúlé fún igbó wọn. Ní 1992, Bina Agarwal, onímọ̀ ọrọ̀-ajé, ta kò ó: igi ìdáná àti omi tí wọ́n ń wá, pẹ̀lú ilẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́ wọn, ló so obìnrin mọ́ igbó, kì í ṣe àdámọ́. Ti Agarwal ni mo ń ṣe, àlọ́ gan-an ni mo sì fẹ́ fi gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹ wo àlọ́ ọmọbìnrin tó ń di igi òdòdó, tí A. K. Ramanujan, ọmọ Mysore tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Chicago, gbà sílẹ̀ ní èdè Kannada. Ìyá tálákà kan ń ṣiṣẹ́ alágbàṣe kí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì tó rí oúnjẹ jẹ. Èyí àbúrò ní kí ẹ̀gbọ́n da ìkòkò omi kan lé òun lórí, òun yóò di igi. Kó ká òdòdó láìṣẹ́ ẹ̀ka, láìja ewé. Kó wá da ìkòkò kejì kí òun lè padà di ènìyàn. Wọ́n ta òdòdó náà láàfin. Ọmọ ọba rí àṣírí, ó fẹ́ ẹ, ó sì ní kó máa di igi fún òun lálaalẹ́. Àbúrò ọkọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú un lọ sí ọgbà, wọ́n ṣẹ́ ẹ̀ka, wọ́n da omi kejì wúrúkúwúrúkú, wọ́n sá lọ. Ohun tó kù kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀. Kì í ṣe igi, kì í ṣe ènìyàn.

Ramanujan fúnra rẹ̀ rí ìbàlágà ọmọbìnrin nínú ìtànná igi náà. Ó bá ọ̀rọ̀ mu, ṣùgbọ́n kò tíì ṣàlàyé òfin pé ẹ̀ka kò gbọdọ̀ ṣẹ́. Òfin yẹn ni àlọ́ fi ń dán gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ wò. Ẹ̀gbọ́n pa á mọ́, nítorí ebi kan náà ló ń pa wọ́n. Ọkọ kò ṣẹ́ ẹ̀ka kankan, ṣùgbọ́n ìgbádùn ara rẹ̀ ló ń wá. Bí obìnrin náà bá sì ti di igi, kò lè sọ̀rọ̀, kò lè sá, omi tí yóò dá a padà wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ipò ìyàwó tuntun nílé ọkọ gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Àlọ́ Tejimola láti Assam, tí Lakshminath Bezbaroa tẹ̀ sínú ìwé Burhi Aair Sadhu ní 1911, yí ọ̀rọ̀ náà padà. Bàbá rin ìrìn-àjò òwò. Ìyàwó bàbá gún ọmọbìnrin náà, Tejimola, pa nínú odó ìrẹsì, ó sì sin ín sẹ́bàá ilé. Ìtàkùn igbá hù níbẹ̀, ó sì ń fi orin rojọ́ fún alágbe tó fẹ́ já èso rẹ̀. Wọ́n gé e, ó di igi eléso. Wọ́n gé ìyẹn náà sọ sódò, ó di òṣíbàtà tí bàbá bá pàdé nígbà tó ń wọkọ̀ ojú omi bọ̀. Igi Kannada yadi. Ewéko Assam ló ń sọ ohun tí ọmọ náà kò ráyè sọ láàyè. Bí ìṣẹ̀dá bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo fún obìnrin, báwo ni àlọ́ méjèèjì yóò ṣe tako ara wọn báyìí? Ilé tí kò dáàbò bo ọmọbìnrin ni wọ́n jọ ń sọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní abúlé Reni ní agbègbè Garhwal ní Íńdíà kò jìnnà sí èyí. Ní 1974, nígbà tí àwọn agégi dé, wọ́n ti fi owó gbà-má-bínú tan àwọn ọkùnrin kúrò lábúlé. Gaura Devi kó àwọn obìnrin abúlé náà jáde láti dí àwọn agégi lọ́nà. Wọ́n ní ó pe igbó náà ní ilé ìyá wọn, ìyẹn ibi tí obìnrin tó lọ́kọ lè sá padà sí.

Níparí àlọ́ Kannada, wọ́n fìyà ńlá jẹ àbúrò ọkọ. Ọkọ ló da omi, ó tún àwọn ẹ̀ka tó ṣẹ́ so, ìyàwó sì bọ̀ sípò. Lójú tèmi, àlọ́ náà ṣàánú ọkọ yìí jù: òun ló kọ́kọ́ sọ igi tó ń bọ́ ìyá kan di ohun ìgbádùn orí ibùsùn, kò sì sẹ́ni tó bi í.