Ẹnu-Ọ̀nà Òkú àti Odi Àgbàlá Ìjọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tí ó bá ka Ìsìn Ìsìnkú nínú Ìwé Àdúrà yíò rí i pé a pàṣẹ fún àlùfáà láti lọ pàdé òkú ní ẹnu-ọ̀nà àgbàlá ìjọ, kí ó sì ṣáájú rẹ̀ wọlé. Díẹ̀ nínú wa ni ó ti béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ ẹnu-ọ̀nà gan-an. Kò yani lẹ́nu, nítorí inú iyàrá ilé ni àwọn baba wa ti ń sin àgbà. Òkú wọn kì í gba ẹnu odi kankan kọjá.

Ní àwọn ìletò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn a máa kọ́ òrùlé sí orí ẹnu-ọ̀nà yìí. Lychgate ni wọ́n ń pè é. Òkú ni lych nínú èdè wọn àtijọ́. Ìwé Àdúrà ti 1549 ni ó kọ́kọ́ fi àṣẹ ìpàdé náà lélẹ̀, ti 1662 sì tún un sọ. Àwọn tí ó gbé òkú wá lè ti rìn jìnnà nínú òjò àti ẹrẹ̀. Bí àlùfáà kò bá tí ì dé, abẹ́ òrùlé yìí ni wọn yíò sọ àga pósí kalẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ tálákà ni a sì ń fi aṣọ òkú nìkan wé nígbà náà, láìsí pósí. Òrùlé náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ní Anstey, ní Hertfordshire, irú ẹnu-ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kan wà tí a fi igi kọ́ kí 1500 tó pé. Ní 1831 a fi bíríkì dí apá kan rẹ̀, a sì sọ ọ́ di àtìmọ́lé kékeré fún àwọn arúfin. A kò lè ṣàì rẹ́rìn-ín sí àwọn ará ìletò wọ̀nyí, tí wọn kò fẹ́ kí igi dáradára ṣòfò.

Odi ni ó ń lé màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ kúrò lórí ibojì. Ta ni ó ń tún un ṣe? Ní Cowfold, ní Sussex, a pín ọgbà àgbàlá ìjọ fún àwọn oko tí ó wà ní ẹkùn náà, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwọ̀n tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pín ọ̀nà fún agbo-ilé láti ro. Ẹni tí ó bá ra oko ra iṣẹ́ náà mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n odi tí ó ń lé ẹran a máa lé ènìyàn pẹ̀lú. Ìwé Àdúrà ti 1662 kọ̀ láti ka ìsìn náà sórí ẹni tí a kò baptisi, ẹni tí a yọ kúrò nínú ìjọ, àti ẹni tí ó pa ara rẹ̀. Ẹni ìkẹyìn yìí ni ìyà rẹ̀ pọ̀ jù: ẹ̀bá ọ̀nà ni a ń sin ín sí, wọn a sì máa gún igi mọ́ ọn lára. Òfin 1823 fi òpin sí èyí, ó sì jẹ́ kí òkú rẹ̀ gba ẹnu-ọ̀nà wọlé, ṣùgbọ́n ní òru nìkan, láàárín agogo mẹ́sàn-án sí méjìlá, láìsí àdúrà. Ọdún 59 kọjá kí òfin 1882 tó jẹ́ kí a gbé e wọlé ní ọ̀sán. Ó dùn wá láti sọ pé ìjọba ni ó ṣe òfin méjèèjì. Àkọsílẹ̀ 1662 náà ṣì wà ní ojú ewé kan náà, lókè àṣẹ tí ó rán àlùfáà lọ sí ẹnu-ọ̀nà.