Ta ló ń kọ orúkọ? Ìtàn bí wọ́n ṣe ń gba òṣìṣẹ́ ní èbúté Èkó

Tí a bá gbọ́ HR, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni CV àti ọ́fíìsì tútù. Èmi náà, iṣẹ́ HR ni mo ń ṣe jẹun, ní ilé-iṣẹ́ kan l'Ápàpá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ti wà ní èbúté tipẹ́ kí wọ́n tó fún un lórúkọ yìí. Ìbéèrè kan ló dá lé: ọwọ́ ta ni ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wà?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ ńlá ò lè wọ Èkó. Yanrìn ló dí ẹnu ọ̀nà ọ̀sà. Ojú òkun lọ́hùn-ún ni ọkọ̀ ń dúró sí, ọkọ̀ kéékèèké ló sì ń kó ẹrù wọlé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó ẹrù nínú ọkọ̀ nígbà náà ni àwọn Kúrù, láti Làìbéríà àti Sàró. Wọn kì í gbà wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Olórí wọn ló ń kó wọn wá. Òun ló mọ orúkọ wọn, òun ló ń bá ọ̀gá ọkọ̀ dúnàádúrà, òun náà ló ń yọ tiẹ̀ nínú owó wọn. HR ìgbà yẹn nìyẹn.

Wọ́n mọ odi òkúta sínú òkun, wọ́n kó yanrìn kúrò, ọkọ̀ ńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní 1914. Láàrin 1921 sí 1926, wọ́n kọ́ ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rin sí Àpápá. Iléeṣẹ́ rélùwéè ló ń bójútó ibẹ̀, títí NPA fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 1955.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti pín sí méjì. Òṣìṣẹ́ NPA ní fáìlì, ó ní ìgbéga, ó ní owó ìfẹ̀yìntì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé àpò sìmẹ́ńtì nínú ọkọ̀, ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe ló wà. Tí ọkọ̀ bá dé, iṣẹ́ wà. Tí ọkọ̀ ò bá dé, kó máa lọ sílé. Èbúté kan náà ni àwọn méjèèjì wà o.

Ní 1979, ìjọba ṣòfin lórí iṣẹ́ èbúté, wọ́n ní kí wọ́n forúkọ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ kan. Ìyẹn ṣe pàtàkì gan-an. Níbi iṣẹ́ mi, tí irin bá já lu ẹnì kan, ohun àkọ́kọ́ tí a máa wò ni bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Bí kò bá sí, ta ni yóò sanwó ìtọ́jú rẹ̀? Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ní èbúté, orúkọ yẹn náà ni ààbò rẹ.

Ní 2006, ìjọba fi èbúté lé àwọn iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, NPA wá di onílé. Kọ̀ntéènà àti kirénì ti dín ọwọ́ tí wọ́n nílò kù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló sì lọ. Lára àwọn tọ́rọ̀ náà kàn ni àwọn tó ń ka ẹrù àti àwọn tó ń ṣọ́ ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jà fún owó wọn, torí ìbéèrè àtijọ́ yẹn náà ni: ṣé òṣìṣẹ́ NPA ni wọ́n ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? NIMASA ni ìforúkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ èbúté wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí.

Ìwọ tó ń fi ọ̀kadà gbé oúnjẹ kiri fún áàpù kan, tàbí tó ń wa takisí orí fóònù, ọ̀rọ̀ rẹ ni mo ń sọ yìí. Lọ ka ìwé àdéhùn rẹ lónìí. Wò ó bóyá wọ́n pè ọ́ ní òṣìṣẹ́, kó o sì béèrè ẹni tí yóò dá ọ lóhùn lọ́jọ́ tí o bá ṣubú. Ó dìgbà o.